Ìwé Òfin Tí Kò Sí Nínú Ìwé Kan Ṣoṣo: Ohun Tí Wọ́n Ń Kà ní Ilé Ìwádìí Walter Hallstein ní Berlin

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo júbà kí n tó máa wí. Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí ẹ fi ìsinmi ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ wá jókòó síbí, ẹ kú ìfaradà. Alága, mo gba àyè. Mi ò ní fi ìkíni jẹ àkókò yín.

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi dà bí ohun tó jìnnà sílé: ilé ìwádìí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún òfin àgbà ilẹ̀ Yúróòpù. Kí n tó tú u, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ti fojú rí ìwé òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù rí nínú yín? Mi ò sọ ti Jámánì o. Mi ò sọ ti Faransé. Ìwé òfin tí orílẹ̀-èdè 27 jọ ń lò, tí wọ́n dì pọ̀ sójú kan, tí wọ́n kọ "Ìwé Òfin" sí iwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i, nítorí kò sí. Àdéhùn wà. Ìdájọ́ wà. Ìwé ẹ̀tọ́ kan wà tí wọ́n kéde ní Nice ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, abala 54 ló ní. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan náà sì wà láyè ara rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1997 ni ilé ìwádìí kan ti wà ní Yunifásítì Humboldt ní Berlin, tí òfin àgbà Yúróòpù jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí wá ni wọ́n ń kà níbẹ̀?

Ìdáhùn tèmi rèé, òun náà ni màá sì máa tẹ̀ mọ́ yín létí títí tí màá fi jókòó: ìbéèrè ni wọ́n ń kà. Ìbéèrè tí adájọ́ kékeré kan kọ ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ Yúróòpù ní Luxembourg. Láti inú ìbéèrè wọ̀nyẹn ni òfin àgbà Yúróòpù ti jáde, owó ibodè kan lónìí, bíìlì iná kan lọ́la.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà

Ìlú Mainz ni wọ́n ti bí Walter Hallstein ní ọdún 1901. Ní Berlin ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin, ní yunifásítì kan náà tí à ń pè ní Humboldt lónìí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Rostock, ó tún di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Frankfurt. Ogun dé, ọwọ́ àwọn Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ ní Cherbourg ní 1944, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Kí ló ṣe níbẹ̀? Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n! Ní 1950, òun ló ṣáájú àwọn aṣojú Jámánì nígbà tí wọ́n ń jíròrò lórí àjọ èédú àti irin. Láti 1958 títí di 1967, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Kọmíṣọ́ọ̀nù, ìyẹn ìgbìmọ̀ aláṣẹ, àjọ ọrọ̀ ajé Yúróòpù, àjọ tó di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lẹ́yìn náà.

Èrò kan tí Hallstein ń tẹnu mọ́ ni ilé ìwádìí yìí dúró lé. Ó ní àwùjọ òfin ni àjọ Yúróòpù. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Àjọ náà kò ní sójà. Kò ní ọlọ́pàá tó lè lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ mínísítà Faransé tàbí ti Ítálì. Òfin nìkan ló ní. Bí òfin yẹn bá já, kí ló kù tó so wọ́n pọ̀? Kò sí nǹkan kan. Òun náà sì fojú ara rẹ̀ rí ìdánwò: ní àárín ọdún 1965, De Gaulle, ààrẹ Faransé, ní kí àwọn aṣojú Faransé má lọ sípàdé mọ́, àga wọn ṣófo títí di oṣù Kìíní ọdún 1966 tí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú ní Luxembourg.

Ẹ jẹ́ kí n fi àyíká ibẹ̀ hàn yín díẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin Humboldt wà ní etí gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Bebelplatz, lójú títì Unter den Linden. Láàárín gbàgede náà, wọ́n fi gíláàsì kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun àti òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ibẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, yàrá funfun kan lẹ ó rí lábẹ́ ilẹ̀, pẹpẹ ìwé yí ògiri rẹ̀ ká, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo lórí wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ti dáná sun ìwé ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1933, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì wà lára àwọn tó ń ju ìwé síná. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ òfin àgbà Jámánì ní Karlsruhe, ẹ ó rí ìdí tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ṣeré.

Owó ibodè kan àti bíìlì iná kan

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Họ́láǹdì tó ń jẹ́ Van Gend en Loos kó kẹ́míkà wọlé láti Jámánì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtè tó ń lẹ pákó. Nígbà tí àdéhùn Róòmù, èyí tó dá àjọ ọrọ̀ ajé Yúróòpù sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1958, ìdá 3 nínú 100 ni owó ibodè lórí ọjà yẹn. Nígbà tí ọjà wọn dé, ìdá 8 ni wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ abala 12 àdéhùn náà ti sọ pé ìjọba kankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ bu owó ibodè tuntun lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín ara wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní kí wọ́n dá owó òun padà. Èsì wo ni wọ́n fún un? Wọ́n ní àdéhùn yẹn, ìjọba ló bá ìjọba ṣe é. Kí ló kan akẹ́rù níbẹ̀?

Ẹ gbọ́ o. Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀. Àdéhùn tí àwọn ọba bá ara wọn ṣe, ṣé mẹ̀kúnnù lè mú un lọ síwájú adájọ́ ìlú rẹ̀ kó ní "ẹ̀tọ́ mi rèé"? Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ibodè ní Amsterdam kò dá a fúnra wọn. Wọ́n dá ẹjọ́ dúró, wọ́n kọ ìbéèrè sí Luxembourg. Ìjọba Họ́láǹdì, ti Bẹ́ljíọ̀mù àti ti Jámánì tako ilé iṣẹ́ náà. Amòfin àgbà ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gba àwọn adájọ́ nímọ̀ràn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Jámánì, sọ pé rárá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1963, àwọn adájọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àdéhùn yìí kì í ṣe ti àwọn ìjọba nìkan. Àwọn ará ìlú náà ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀, adájọ́ ìlú wọn sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹ̀tọ́ náà.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ti bíìlì iná dé. Ítálì gba gbogbo ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sọ́wọ́ ìjọba ní ìparí ọdún 1962, wọ́n dá ENEL, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, sílẹ̀. Lọ́yà kan wà ní Milan, Flaminio Costa, tó ní ìdókòwò nínú ọ̀kan lára ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà. ENEL fún un ní bíìlì líírà 1,925. Ó ní òun ò san. Owó yẹn kò tó nǹkan rárá, ẹ̀yin lọ́yà sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í torí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ àfi ẹni tó ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Iwájú adájọ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni ẹjọ́ náà lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá. Nítorí pé owó náà kéré, kò sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí wọ́n tún lè gbé e lọ. Nítorí náà, lójú àdéhùn, adájọ́ ìsàlẹ̀ yìí di adájọ́ ìkẹyìn, adájọ́ ìkẹyìn ni àdéhùn sì sọ pé ó pọn dandan fún láti béèrè. Bí bíìlì náà bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà rẹ̀ ì bá gùn. Ẹ má fojú kékeré wo ẹjọ́ kékeré!

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, ilé ẹjọ́ òfin àgbà Ítálì ti sọ pé bí òfin ilé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn bá tako àdéhùn, òfin tó dé kẹ́yìn ló lékè. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún kan náà, Luxembourg ní kò rí bẹ́ẹ̀: òfin tó ti inú àdéhùn jáde ló lékè òfin ilé, ìbáà jẹ́ òfin tí wọ́n ṣe lánàá. Ẹ wá ibi tí gbólóhùn yẹn wà nínú àdéhùn Róòmù, ẹ ò ní rí i. Àwọn adájọ́ ló fà á yọ, wọ́n ní bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá lè fi òfin tirẹ̀ pa àdéhùn rẹ́ nígbà tó bá wù ú, kò sí àdéhùn mọ́. ENEL kò wó o. Ṣùgbọ́n Yúróòpù ti ní òfin àgbà, láìsí àpérò kan tó jókòó kọ ọ́.

Bí ìbéèrè ṣe ń rìn

Ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní irú ilé ìwádìí yìí, abala 267 nínú àdéhùn Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tó sọ bí adájọ́ ilé ṣe ń bi Luxembourg ní ìbéèrè, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Lákọ̀ọ́kọ́, adájọ́ ló ń béèrè, kì í ṣe ẹni tó pe ẹjọ́. Lọ́yà lè bẹ̀ ẹ́, kò lè pàṣẹ fún un. Adájọ́ yòówù lè béèrè. Adájọ́ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ béèrè, àyàfi nínú ohun mẹ́ta tí Luxembourg là sílẹ̀ ní 1982: bí ìbéèrè náà kò bá ní í ṣe pẹ̀lú ẹjọ́, bí wọ́n bá ti dáhùn irú rẹ̀ rí, tàbí bí ìdáhùn bá hàn gbangba débi pé iyèméjì kankan kò sí. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn adájọ́ àgbà fẹ́ràn jù, ó hàn gbangba sí wọn ní ọjọ́ tí wọn ò bá fẹ́ béèrè.

Adájọ́ á wá kọ ọ́ sílẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, òfin ilé tó kàn án gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, abala òfin Yúróòpù tó ń kọ ọ́ lóminú, ìdí tó fi ń ṣiyèméjì, lẹ́yìn náà ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Luxembourg gba àwọn adájọ́ nímọ̀ràn pé bí ojú ìwé 10 ti tó lọ́pọ̀ ìgbà. Adájọ́ á dá ẹjọ́ dúró. Ní Luxembourg, wọ́n á túmọ̀ ìbéèrè náà sí àwọn èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tó jẹ́ 24 lónìí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, sí gbogbo ìjọba, àti sí Kọmíṣọ́ọ̀nù. Oṣù méjì ni wọ́n ní láti kọ èrò wọn wá. Lẹ́yìn èyí ni amòfin àgbà lè sọ tirẹ̀, kí ìdájọ́ tó dé. Ó máa ń ju ọdún kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ẹni tó wà látìmọ́lé tàbí ọmọ tí bàbá àti ìyá ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀nà kíákíá wà láti ọdún 2008. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìbéèrè lórí nǹkan bí owó orí ọjà àti ibodè ti ń lọ sí ilé ẹjọ́ kejì tó wà níbẹ̀ kan náà, kí ẹrù lè fúyẹ́ lórí ti àkọ́kọ́.

Níbo ló ti ń bàjẹ́? Ibi mẹ́ta ni mo rí jù. Èkíní, adájọ́ á kọ ìbéèrè tó dára, kò ní sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Luxembourg á ní àwọn ò lè dáhùn, wọ́n á dá a padà. Èkejì, á béèrè ohun tí ẹjọ́ náà ò nílò, bóyá nítorí pé ó wù ú láti mọ̀. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìdíje ilé ẹjọ́ àfiṣeré: wọ́n á kọ ọ́ pé, "Ṣé òfin Ítálì yìí kò dòfo?" Luxembourg kì í pa òfin ilé ẹnikẹ́ni rẹ́ lábẹ́ abala yìí. Ohun tí à ń béèrè ni pé, "Ṣé abala báyìí-báyìí nínú àdéhùn tako òfin ilé tó bá sọ báyìí-báyìí?" Wọ́n á túmọ̀ àdéhùn fún ẹ, ìwọ adájọ́ ilé ni wàá lọ lò ó fúnra rẹ.

Àgbò méjì

Àgbò méjì kì í mumi nínú kòtò kan. Àgbò kan wà ní Luxembourg. Èkejì wà ní Karlsruhe, níbi tí ilé ẹjọ́ òfin àgbà Jámánì jókòó sí.

Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì gba ìwé àṣẹ láti kó ìyẹ̀fun àgbàdo tọ́ọ̀nù 20,000 ránṣẹ́ sókè òkun. Òfin Yúróòpù ní kó fi owó ìdúró sílẹ̀. Kò rí gbogbo ẹrù náà kó tán kí àsìkò tó pé, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lára owó náà. Ó ní èyí tako ẹ̀tọ́ òun lábẹ́ ìwé òfin Jámánì. Ní 1970, Luxembourg ní òfin ilé, kódà ìwé òfin àgbà, kò lè dí òfin Yúróòpù lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ Jámánì, tí ìwé òfin wọn ti ọdún 1949 jáde láti inú eérú ìjọba Hitler, kò lè gbé ìyẹn mì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1974, Karlsruhe ní níwọ̀n ìgbà tí Yúróòpù kò bá tíì ní àkójọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tirẹ̀, àwọn á máa yẹ òfin rẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, wọ́n yí i padà: níwọ̀n ìgbà tí Luxembourg bá ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ dáadáa, àwọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe rí? Ìhalẹ̀ ọdún 1974 wà lára ohun tó jẹ́ kí Luxembourg kọ́ ẹ̀tọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Ní 1993 àti ní 2009, Karlsruhe tún sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè ló ni àdéhùn, pé Yúróòpù kò lè fún ara rẹ̀ ní agbára tí wọn ò fún un. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ẹnu di iṣẹ́. Báńkì àpapọ̀ Yúróòpù ti ń ra ìwé gbèsè àwọn ìjọba láti 2015. Karlsruhe kọ ìbéèrè sí Luxembourg, Luxembourg dáhùn ní oṣù Kejìlá 2018 pé báńkì kò ṣe àṣejù. Adájọ́ méje nínú mẹ́jọ ní Karlsruhe ní àwọn ò gbà, pé báńkì kọjá àyè rẹ̀, pé ìdájọ́ Luxembourg fúnra rẹ̀ kọjá àyè. Wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta pé bí báńkì Yúróòpù kò bá fi hàn pé òun wọn èrè àti ewu ohun tó ṣe, báńkì àpapọ̀ Jámánì gbọ́dọ̀ yọwọ́. Wọ́n kó ìwé ẹ̀rí wá, ilé aṣòfin Jámánì ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Kọmíṣọ́ọ̀nù kọ ìwé ẹ̀sùn sí Jámánì ní oṣù Kẹfà 2021, wọ́n sì pa fáìlì rẹ̀ dé ní oṣù Kejìlá lẹ́yìn tí ìjọba Jámánì ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ òfin àgbà Pólàńdì ti ní àwọn abala kan nínú àdéhùn tako ìwé òfin tàwọn.

Ta ló tọ̀nà? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Karlsruhe ń sọ pé Luxembourg ò lè jẹ́ adájọ́ lórí ààlà agbára ara rẹ̀, ó sì jọ òótọ́. Ṣé Karlsruhe fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingolf Pernice, tó dá ilé ìwádìí Hallstein sílẹ̀, wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ bi ara wọn pé ta ló wà lókè. Ará Jámánì tó dìbò fún ilé aṣòfin Berlin, òun náà ló dìbò fún ilé aṣòfin Yúróòpù. Ẹnì kan náà ló ni òfin méjèèjì. Òfin ilé àti òfin Yúróòpù wá dà bí aṣọ òfì, òwú kan lọ gígùn, òwú kan gba ìbú, bí o bá yọ ọ̀kan, kò sí aṣọ. Èrò náà dára, ó sì ti rìn jìnnà kọjá Jámánì. Àléébù kan ni mo rí sí i: kò sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ tí àgbò méjèèjì bá kọlu ara wọn. Bóyá ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìyẹn.

Nínú ilé: ìwé kíkà, owó, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ìdájọ́ kan bó ṣe yẹ? Ìwé adájọ́ tó béèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, lẹ́yìn rẹ̀ èrò amòfin àgbà, lẹ́yìn rẹ̀ ìdájọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí adájọ́ ilé ṣe nígbà tí èsì dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á kọ̀wé lórí ìdájọ́ Luxembourg bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí.

Nọ́ńbà ń da ènìyàn rú. Nínú àkójọ òfin Yúróòpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹjọ́ Costa jẹ́ 61964CJ0006: 6 dúró fún ìdájọ́, 1964 fún ọdún tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá, CJ fún ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Luxembourg, 0006 fún nọ́ńbà ẹjọ́. Bí ẹ bá fi CC rọ́pò CJ, èrò amòfin àgbà lẹ ó rí. Orúkọ rẹ̀ kejì ni ECLI:EU:C:1964:66. Ẹ ṣọ́ra: ọdún ìdájọ́ ló wà nínú ìyẹn. Ti Costa bá ara mu nítorí ọdún kan náà ni wọ́n gbé e wá tí wọ́n sì dá a. Ti Van Gend en Loos kò bá ara mu: 61962CJ0026 ni ti àkọ́kọ́, ECLI:EU:C:1963:1 ni ti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa wá ẹjọ́ tí kò sí.

Nọ́ńbà abala náà tún wà. Wọ́n to àdéhùn lọ́tun ní 1999, wọ́n tún un tò ní 2009. Abala 177 tí ẹ ó rí nínú ẹjọ́ Costa di 234, ó sì di 267. Ẹni tó bá ka ìdájọ́ 1964 tó wá ṣí abala 177 nínú àdéhùn tòní, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa bá níbẹ̀.

Èdè ńkọ́? Èdè Faransé ni àwọn adájọ́ Luxembourg fi ń jíròrò, tí wọ́n fi ń kọ ìdájọ́. Èdè tí wọ́n fi pe ẹjọ́ ni ojúlówó. Ti Van Gend, èdè Họ́láǹdì ni. Ti Costa, èdè Ítálì. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń kà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni, torí Bìrìtìkó ò wọ àjọ náà títí di ọdún 1973. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́lé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo nínú ìdájọ́ àtijọ́ láìwo ti Faransé.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní Jámánì, orí àga ọ̀jọ̀gbọ́n ni irú ilé ìwádìí báyìí sábà máa ń dúró lé. Ìjọba ló ń san owó ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì dájú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin fàyè gba ọdún mẹ́fà kí ènìyàn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí kò bá rí àga tirẹ̀, àfi kó wábi gbà. Ọ̀pọ̀ wọn, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Owó iṣẹ́ àkànṣe tó ń ti ìta wá kì í sábà ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìwé ọ̀mọ̀wé sì máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni owó ti ń tán lọ́wọ́ ọmọ tí orí kẹrin ìwé rẹ̀ ṣì wà ní ìdajì.

Ewu kejì ni jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ìtàn kan wà tó bá kókó wa mu gan-an. Karl-Theodor zu Guttenberg, tó di mínísítà ètò ààbò Jámánì lẹ́yìn náà, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Bayreuth ní 2007 pẹ̀lú máàkì tó ga jù. Lórí kí ni? Lórí ìwé òfin Amẹ́ríkà àti òfin àgbà Yúróòpù. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìwé rẹ̀ wé iṣẹ́ ẹlòmíràn, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Kí oṣù náà tó parí, yunifásítì ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ó kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀. Olùkọ́ méjì ló ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé ní Jámánì kí wọ́n tó fún ni ní máàkì, àwọn méjèèjì sì lè fò ó. Bó bá di dandan kí ẹ yá gbólóhùn kan lò, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i ní ọjọ́ tí ẹ rí i.

Nígbà tí òṣèlú wọ gbọ̀ngàn

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Joschka Fischer, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, dúró ní Humboldt. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ bíi mínísítà, ó sì ní kí Yúróòpù di ìjọba àpapọ̀ tó ní ìwé òfin. Ariwo ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, àpérò kan tó fẹ́ kọ ìwé òfin náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Valéry Giscard d'Estaing, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìwé òfin Yúróòpù ní Róòmù. Oṣù méje péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Faransé dìbò pé rárá. Ọjọ́ mẹ́ta sí i, Họ́láǹdì ní rárá, ìdá tó lé ní 61 nínú 100. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú àdéhùn Lisbon tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọ́n yọ orúkọ "ìwé òfin" kúrò, wọ́n yọ àsíá àti orin kúrò. Ó dára kí òṣèlú wá sí yunifásítì wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí bíìlì iná kọ ní 1964 ṣì dúró. Èyí tí wọ́n fi ayẹyẹ ṣe ni àwọn olùdìbò kọ̀.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹnì kan á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kàn wá? Ẹ wo ECOWAS. Lagos ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1975. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ibodè tó wà láàárín òun àti Benin. Oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan tó ti bá wọn nájà ní Benin kò rí ọjà rẹ̀ kó wọlé. Ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja. Ọ̀rọ̀ Van Gend en Loos náà ni, àbí? Ibodè ni, oníṣòwò ni, àdéhùn ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, ilé ẹjọ́ ní ìlànà tó dá àwọn sílẹ̀ ní 1991 kò fún ará ìlú láyè láti fúnra rẹ̀ gbé ẹjọ́ wá. Ẹjọ́ náà kú sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ta àwọn ìjọba jí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, wọ́n tún ìlànà náà ṣe, ará ìlú sì lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lọ sí Abuja tààrà. Gbogbo lọ́yà mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé inú àtúnṣe kan náà, nínú abala 10, ìlà f, ọ̀nà mìíràn wà níbẹ̀: adájọ́ ilé, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Cotonou, lè kọ ìbéèrè lórí ìtumọ̀ àdéhùn ECOWAS ránṣẹ́ sí Abuja, yálà fúnra rẹ̀ tàbí nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà abala 267 gan-an ni. Ṣàṣà sì ni ẹni tó ń gbà á.

Nítorí náà, lọ́yà tí ẹjọ́ ibodè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kó tẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ síwájú adájọ́ pé kó kọ ìbéèrè sí Abuja. Kó kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Kó da òfin ilé kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Kó tọ́ka sí abala àdéhùn ECOWAS tó kàn án, kó sọ ìdí tí adájọ́ kò fi lè dá ẹjọ́ náà láìmọ ìtumọ̀ abala yẹn. Kó wá kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀, kó má ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Mo ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀ dání, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé níwájú níbẹ̀ yẹn. Alága, ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè.